Bẹ́ńṣì Inú Pápá

Ọdún mọ́kànlélógún gbáko ni Bàbá Aago fi dúró sójú kan náà. Ìdí bẹ́ńṣì onígi kan ni, nínú pápá, lẹ́bàá ojú ọ̀nà tí àwọn sárésáré ń gbà yí pápá ká. Òjìji òrùlé ibùjókòó àwọn òǹwòran máa ń dé ibẹ̀ láàárọ̀, oòrùn kì í sì í pa á. Ibẹ̀ ló ti ń tẹ aago, ibẹ̀ ló ti ń pariwo, ibẹ̀ náà ló ti ń kọ̀wé. Ẹ má bi mí ní orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tó ń fi orúkọ yẹn pè é ti lọ tán. Aago kékeré tó so kọ́rùn, èyí tó fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá, òun ló sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni. Àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ló ń kọ́, láti kìlómítà mẹ́wàá títí dé méjìlélógójì. Nígbà kan, méjìlá ni wọ́n, tí wọ́n bá ń kọjá, ilẹ̀ á máa dún gìrìgìrì. Àwọn kan gbéyàwó, wọ́n sanra. Àwọn kan sá lọ bá ẹgbẹ́ tuntun tó wà lódìkejì ìlú, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ya fídíò ẹsẹ̀ èèyàn. Àwọn tó kù, ẹnu rẹ̀ ló lé wọn lọ, torí ẹnu Bàbá Aago kì í ṣe ẹnu tí èèyàn ń fẹ́ gbọ́ laago mẹ́fà àárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù báyìí, ọmọbìnrin aránṣọ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ń pè ní Abẹ́rẹ́.

Nílé ńkọ́? Kò sẹ́nì kankan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló sì jókòó sórí àga kejì. Tó bá gbé omi kaná, á tẹ aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni omi fi ń hó. Ó mọ̀ ọ́n dájú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún.

Ọmọ kan ló bí, obìnrin. "Ìyá mi" ló máa ń pè é. Ọmọ yìí ló yára jù nínú àwọn méjìlá ìgbà yẹn. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí eré-ìje ńlá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà wá bá a ní ìdí bẹ́ńṣì, ó ní ojúgun ń dun òun. Bàbá Aago ní kó sáré kọjá. Ó sáré kọjá. Bàbá ní, "Mo ń wò ẹ́, Ìyá mi. Ẹsẹ̀ ẹ dára. Ojú mi ò parọ́ fún mi rí." Lọ́jọ́ eré-ìje, ní kìlómítà kọkànlélọ́gbọ̀n, egungun ojúgun rẹ̀ kán. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn gbọ́ ọ tó dún.

Oṣù mẹ́fà ló fi wà lórí ọ̀pá. Bó ṣe fi ọ̀pá sílẹ̀ ló wáṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó sì kó lọ. Bàbá Aago ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé bàtà ni, bàtà burúkú ló wọ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ ọdún nìkan ni ọmọ ń pè. "Ẹ kú ọdún, Bàbá. Ṣé ara le?" "Ara le." Ó parí. Ìpè ti ọdún tó kọjá gba ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì. Bàbá Aago ò ní in lọ́kàn láti kà á, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣàdédé tẹ aago.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó dé pápá láàárọ̀, ó rí okùn tí wọ́n ta yí gbogbo koríko inú ká. Olùtọ́jú pápá wà níbẹ̀ tó ń ká rọ́bà omi.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ta okùn síbi tí mo ń dúró sí?"

"Bàbá Aago, a ti fín oògùn sí koríko. Ọjọ́ méje, kẹ́nikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ bá èèrà kú ni?"

"Níbo wá ni kí n dúró sí?"

"Ẹ dúró síta bí àwa èèyàn yòókù. Ilẹ̀ ò ní í gbé yín mì."

Ó kùn, ó kùn, ó sì lọ dúró síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó yí pápá ká. Oòrùn ń wọ ojú rẹ̀. Gbogbo nǹkan dà bíi pé wọ́n yí i sódì fún un, ó sì ń bínú bí ẹni tí wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dé, ó rí i níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, wọ́n ti lé yín jáde?"

"Yé rẹ́rìn-ín, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù sí eré-ìje ńlá. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ò ní í rí èémí."

Abẹ́rẹ́ sáré. Ó yí pápá lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Aago ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: méjìdínláàádọ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan, kò burú. Nígbà tó kọjá lẹ́ẹ̀kejì ló tó wo ẹsẹ̀. Ó nu ojú. Ó dúró de ìyípo kẹta, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọbìnrin náà ń lọ síwájú jù kó tó balẹ̀. Gìgísẹ̀ ló fi ń kanlẹ̀, ó sì ti kọjá orúnkún kó tó kàn án, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ dá ara rẹ̀ dúró ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti balẹ̀, ìbàdí á rọ̀ wálẹ̀, orúnkún á tẹ̀ sínú, gbogbo ìwúwo ara á sì dé sórí ojúgun. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹni tó ti ń kọ́ni láti ọdún mọ́kànlélógún ń wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ó pariwo, "Yí padà! Gba ọ̀nà ibẹ̀ yẹn bọ̀!"

Abẹ́rẹ́ rò pé orí bàbá ti dàrú, ṣùgbọ́n ó yí padà. Nígbà tó ń bọ̀ láti òdìkejì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló wà níwájú Bàbá Aago. Ẹsẹ̀ òsì náà ń balẹ̀ lábẹ́ ara rẹ̀ wẹ́rẹ́, kò ní àbùkù kankan. Òun ni ẹsẹ̀ tí Bàbá Aago ti ń wò láti ọdún méjì tí ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn sárésáré kì í yí pápá gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn ń yà sí. Ẹni tó bá dúró sínú pápá, ẹ̀gbẹ́ òsì wọn ló máa rí, láti òwúrọ̀ dé alẹ́, títí ọjọ́ ayé. Bàbá Aago mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, kò kàn fìgbà kan rí rò ó kan bẹ́ńṣì tó ń jókòó lé. Egungun ọmọ rẹ̀ tó kán, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀, torí mi ò fẹ́ gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ: ó rò ó láti dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré. Àwọn mìíràn ń sáré bẹ́ẹ̀ tí ohunkóhun kì í ṣe wọ́n. Bó bá sì sọ ọ́, Abẹ́rẹ́ á dúró, Abẹ́rẹ́ á lọ sílé. Lọ́la, tí ilẹ̀ bá mọ́, ta ni òun máa wá wò? Ta ni òun máa bú? Ó dúró níbẹ̀ fún ìyípo kan gbáko, ọmọbìnrin náà ń sáré lọ níwájú rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ìyípo kan yẹn ṣì ń tì í lójú títí dòní.

Ó ní, "Dúró. Máa bọ̀."

Ó ní kó jókòó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wálẹ̀. Nígbà tó dé agbedeméjì, Abẹ́rẹ́ fa ẹsẹ̀ yọ, ó ní, "Yéè!" Bàbá Aago ní kó dìde, kó fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò sókè. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, kò lè fò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án! O sì panu mọ́?"

Abẹ́rẹ́ wò ó lójú kòrókòró. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń wò mí lójoojúmọ́. Mo ní tí nǹkan bá wà níbẹ̀, ẹ máa ti rí i."

Bàbá Aago ní kó má sáré mọ́, kó lọ ya fọ́tò egungun lónìí. Inú bí Abẹ́rẹ́, omi sì lé sí i lójú.

"Ọdún méjì ni mo fi múra sílẹ̀! Mo ti rán aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀!"

"Mo mọ̀."

"Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣebí gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo ṣe."

"O ò ṣẹ̀ mí, o ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ibi tí mo dúró sí ni."

Kò yé Abẹ́rẹ́. Ó wọ bàtà ilé rẹ̀, ó kó ẹrù, kò sì dágbére.

Ọjọ́ kẹta ló pè. Ó ní fọ́tò ti jáde, egungun náà ti sán, ìlà kan ló wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín bí òwú. Dókítà ní ká ní òun sá eré-ìje ńlá yẹn ni, ẹsẹ̀ òun ì bá kán. Oṣù mẹ́ta, kò gbọdọ̀ sáré.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Mo bínú sí yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ máa bínú sí? Tí oṣù mẹ́ta bá pé ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò tíì mọ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Máa sinmi."

Ọ̀sán ni. Ó gbé ìwé ìròyìn kúrò lórí àga kejì, ó gun àga náà, ó sì mú ìwé àkọsílẹ̀ ọdún tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kán wálẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú ewé ọmọ rẹ̀ ló ṣí. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀: àkókò, iye ìṣísẹ̀, àti ọ̀rọ̀ méjì kan náà nísàlẹ̀: Ẹsẹ̀ dára. Ẹsẹ̀ dára. Lọ́jọ́ tí ọmọ wá fẹjọ́ sùn, ó kọ ọ́, ó tún fàlà sí i nídìí: Ẹsẹ̀ dára. Bàbá Aago mú bírò. Ó fi ọ̀rọ̀ kan há àárín àwọn méjèèjì: Ẹsẹ̀ òsì dára. Ó ṣí ewé kejì, ó fi há a. Ó ń ṣe é lọ láti ewé dé ewé, títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Nígbà tó parí, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Bàbá?" Ẹ̀rù ti wà nínú ohùn rẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá mi."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá. Ẹsẹ̀ ẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ti ọ̀tún. Mi ò wò ó rí. Inú pápá ni mo máa ń dúró sí, ẹ̀yin sì ń ya ọwọ́ òsì. Ti òsì nìkan ni mo rí ní gbogbo ọdún yẹn. O sọ fún mi, mo ní ojú mi ò parọ́."

Bàbá Aago gbọ́ ariwo ibi iṣẹ́ lẹ́yìn ọmọ náà, ìlẹ̀kùn kan ṣí, ó pa dé, ibẹ̀ wá pa rọ́rọ́.

"Ẹ sọ fún gbogbo ayé pé bàtà ni."

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ra bàtà yẹn fún mi, Bàbá. Mo ṣì ní in. Mi ò lè sọ ọ́ nù."

"Kì í ṣe bàtà. Èmi ni."

Nígbà tí ọmọ náà máa sọ̀rọ̀, imú rẹ̀ ti dí. "Kí ló wá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ báyìí?"

Ó sọ ti okùn àti oògùn koríko fún un, ó sọ ti Abẹ́rẹ́.

"Ẹ sì ní kó dúró?"

"Mo ní kó dúró."

"Àwọn mélòó ló wá kù lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní wọ́n ń pe òun níbi iṣẹ́. Ó ní, "Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ, Bàbá." Kò sọ pé òun dárí jì í, Bàbá Aago náà ò sì bi í. Ìpè já.

Ó jókòó sórí àga kejì tó ṣófo yẹn, fóònù lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé aago sójú. Òdo ló wà níbẹ̀. Kò rántí tẹ̀ ẹ́. Kò mọ iye ìṣẹ́jú tí òun àti ọmọ òun fi sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́lòmíràn nínú yàrá tó lè bi.