Orin Ìyá, Orin Ìyà

Àwọn kan wà láyé yìí, bí ẹ bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n á fi dì í mú. Irú wọn ni Kíákíá. Àwọn tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí ohun tó ń ṣe tí kì í fi ìwàǹwára ṣe. Ó ń jẹun, ìwàǹwára. Ó ń wẹ̀, ìwàǹwára. Ọjọ́ tó sì ba ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹ́, ìwàǹwára náà ló fi ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníwáyà. Níbi iṣẹ́, òun ló ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Bó bá délé, kọ̀ǹpútà ló tún ń tò. Èyí tó ń tò nílé yìí, ti orin ni. Kò ní ṣe nǹkan mìíràn ju kó tọ́jú orin, kó sì máa gbé e jáde bó ṣe dún gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Kò fi fáànù sí i, torí fáànù a máa kùn, kíkùn náà á sì máa bá orin jà. Àpótí onírin ló rà, irú èyí tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé ooru jáde. Ó wá ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà di ohùn, ó gbé e jìnnà sí àpótí kí ariwo iná mànàmáná má baà kó wọ inú orin. Díìsìkì méjì ló fi sí i. Ohunkóhun tó bá wọ ọ̀kan, á wọ èkejì náà lójú ẹsẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á wà. Ó máa ń fọwọ́ gbá orí àpótí náà, á ní, "Ẹni tó ní méjì, ọ̀kan ò lè dẹ́rù bà á." Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé rédíò ti tán ní ṣọ́ọ̀bù ni.

Torí orin kan ṣoṣo ló ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yìí. Àìsàn kan mú ìyá wọn lọ́fun, àwọn dókítà ní àfi kí àwọn yọ gògóńgò rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀mí dúró, ohùn lọ. Kíákíá sunkún títí, ó gbà fún Ọlọ́run. Òun kúkú ti gbọ́ ohùn yẹn yó, ẹ̀yìn Màámi ló dàgbà sí. Oníwáyà kọ́. Kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa tí wọ́n fi gbé e fún àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tí kò rọ́mọ bí, ìgbà tó sì fi padà wálé, ó ti dàgbà tán. Ẹ bá mi wò ó: ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ ní "Mà" bí àlejò, tí kò mọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ ilé náà lẹ́kún.

Ó wá rí kásẹ́ẹ̀tì kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ Màámi. Orin tí Màámi ń kọ fún ọmọ ló wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó kọjá ààlà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yí dé òpin, téèpù inú rẹ̀ já, ó ń ya bí èèpo àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan yẹn, ó ti gbà á sínú kọ̀ǹpútà.

Kò gbọ́ ọ o! Ohun tó ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn nínú nìyí. Bí Màámi ṣe mí kanlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ orin báyìí, omi lé ròrò sójú Oníwáyà, ó sì yí ohùn ẹ̀rọ náà wálẹ̀ pátápátá. Ó ní kì í ṣe orí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì jákujàku yìí ni òun á ti kọ́kọ́ gbọ́ orin ìyá òun. Ó di ìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé, tí Màámi bá jókòó tì í. Ìlà tó ń lọ sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà ló jókòó tó ń wò títí tí orin fi tán. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní "orin iya", láìfi àmì ohùn kankan sí i, torí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé rẹ̀ kò ní àmì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó jáde lọ ra wáyà tó kù fún àwọn gbohùngbohùn. Kíákíá yà kí Màámi tó ń gbé lọ́dọ̀ Oníwáyà, ó bá kọ̀ǹpútà tó wà ní títàn, ó sì ki fláàṣì tó ń kó orin sí bọ̀ ọ́. Nígbà tí Oníwáyà wọlé, ẹ̀rín kún ẹnu Kíákíá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bá yín fi orin gidi kún un o! Kọ̀ǹpútà ńlá báyìí, tí kò lórin nínú?"

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ ò tiẹ̀ ní dúpẹ́."

Oníwáyà pòṣé. Ó so wáyà, ó fa Màámi lọ́wọ́ jókòó sórí àga, òun náà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ "orin iya" lójú kọ̀ǹpútà.

Ohùn ọkùnrin kan bú jáde pẹ̀lú gìtá: "Ìyà yìí pọ̀, ẹ gbà mí o!" Ó mọ́ gaara, bí ẹni pé ọkùnrin náà wà nínú yàrá.

Kíákíá ń mi orí sí i. "Orin tí mo máa ń gbọ́ nínú ọkọ̀ nìyẹn! Àṣé ẹ̀yin náà fẹ́ràn rẹ̀? Nígbà tí mò ń kó tèmi wọlé, kọ̀ǹpútà ní ọ̀kan ti wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orin iya bíi tèmi, ṣé kí òun fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣebí orin kan náà ni."

Àmì kékeré orí lẹ́tà kan ni ìyá fi yàtọ̀ sí ìyà. Ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé kò sóhun tó jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Kíákíá gbọ́ ọ, kò kàn ní sùúrù ni.

Oníwáyà ò tíì pariwo. Ó sáré ṣí díìsìkì kejì. Ọkùnrin onígìtá yẹn náà ló wà níbẹ̀. Díìsìkì kejì ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún: bí èkíní ṣe pa Màámi rẹ́, lójú ẹsẹ̀ lòun náà pa á rẹ́. Ó lo gbogbo ètò tí wọ́n fi ń wá ohun tó sọnù nínú díìsìkì, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Pàbó ló já sí. Orin tuntun ti jókòó sórí ti àtijọ́.

Kíákíá wá mọ ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ náà yá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé ọba tó jó—"

"Tó o bá parí òwe yẹn, mo máa fọ́ ẹ lẹ́nu!" Oníwáyà ti dìde. "Ẹwà wo ló bù sí i? Orí ẹ dàrú ni? Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Látìgbà tí wọ́n ti bí ẹ, ìwọ lo ni Màámi! Ẹ̀yìn ẹ̀, o ni ín. Orin ẹ̀, o ni ín. Èyí tó ṣẹ́kù, bí-ín-ń-tín tó kù fún èmi, ìwọ náà lo tún wá pa á rẹ́! Jáde! Jáde nílé mi!"

Gbà! Màámi pàtẹ́wọ́. Gbà! Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Ìyá arúgbó náà nàka sí Kíákíá, ó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀, ó tún nàka sí i.

"Kí n kọ ọ́?" ni Kíákíá wí. Màámi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú ń tì í, ohùn rẹ̀ sì le bí igi gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀:

"Ilẹ̀ ṣú, mo kọ́mọ wálé,
Ọ̀kan ń bẹ lẹ́yìn mi,
Ọ̀kan ń bẹ lọ́nà jíjìn.
Ẹni ọ̀nà jíjìn, ṣé ò ń gbọ́ mi o?"

Ètè Màámi ń bá a lọ, láìsí ohùn. Kíákíá dúró díẹ̀, ó gbójú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ibí yìí, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ dáhùn. Ẹ ò sí nílé nígbà yẹn, Màámi bá kọ́ èmi kí n máa bá yín dáhùn." Ó lanu láti dáhùn.

Màámi fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ń dúró.

Oníwáyà ò mọ̀ ọ́n. Ó wo Màámi, ó wo ọwọ́ tó wà lẹ́nu Kíákíá, ohun kan sì já nínú rẹ̀.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Màámi, ẹ̀yin lẹ gbé mi fún wọn! Ẹ̀yin ni! Ẹ gbé mi fún wọn tán, ẹ wá jókòó sílé, ẹ ń fi mí kọrin!"

Kò tíì sọ ọ́ rí láyé rẹ̀. Kíákíá yí ojú sí ògiri. Màámi ò yẹjú ní tirẹ̀. Ó mi orí, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì tún mi orí.

Ó pẹ́ kí Oníwáyà tó jókòó padà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ò rọ̀. Ohùn tó fi bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣì gbóná.

"Tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀," ló wí. "Kọ ìdáhùn tèmi náà mọ́ ọn. Kó o sì rọra kọ ọ́."