Afárá Àwọn Tí Kò Jà

Ogun tó jà ní Bosnia kò rí afárá wa wó, omi òjò ló wá gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi Zumra, tó ń gbé òdìkejì odò, ti ń pariwo sí ara wa láti etí odò méjèèjì bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Mùsùlùmí ni wọ́n lọ́hùn-ún, Sẹ́ẹ́bù ni àwa níhìn-ín, ṣùgbọ́n láti ayé ìjọba Kọ́múníìsì ni Zumra ti ń wá mu kọfí àárọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ kí afárá yẹn padà, torí kọfí àdámu kì í wọ̀ mí lọ́fun.

Vojin, alága abúlé wa, bẹ àjọ onílàjà kan láti òkè òkun pé kí wọ́n bá wa tún un kọ́. Wọ́n rán Lukas sí wa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mi orí.

"Ẹ ò jà! Àwọn tó jà là ń kọ́ afárá fún. Ẹni tí kò jà, kí la fẹ́ là?"

"Afárá la ń wá, sà," Vojin wí.

"Ẹ ò lè kórìíra ara yín díẹ̀ ni? Àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Ẹ gbà mí o! La bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìkórìíra. Ẹnì kan bú àwọn ará òdìkejì, ó tún béèrè bóyá orúnkún ìyá wọn ti san. Ìmáàmù wọn ní kí a má sọ òkúta, tòmátì tó ti jẹrà ni ká máa jù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé rẹ́rìn-ín!" Vojin ń ké.

Ọjọ́ Àìkú pé. Tòmátì ń fò, ṣùgbọ́n ojú kò le. Àwọn ọ̀gá ti ń padà sídìí mọ́tò nígbà tí Zumra gbé ọwọ́ sí ìbàdí.

"Stojanka! Aláìnítìjú! Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ ẹ ti kógbá sílé, ọkà báálì sísun lo ń fún mi mu, o ní kọfí ni! O rò pé mi ò mọ̀?"

Òótọ́ ni, mo sì rò pé èmi àti agbada mi nìkan la mọ̀ ọ́n. Ìtìjú bò mí, omi bọ́ lójú mi. Mo gbé òkúta gidi, mo sọ ọ́, inú omi ló bọ́ sí.

Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Ìkórìíra rèé!"

Wọ́n kọ́ afárá náà, ó fẹ̀, ó dán. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní kí èmi àti Zumra dì mọ́ra kí wọ́n yà wá ní fọ́tò. Mo kọ̀, mo jókòó sílé. Ìyàwó Vojin ni wọ́n fi rọ́pò mi, ó sì rẹ́rìn-ín dáadáa.

Kò sẹ́ni tó ń pariwo lórí odò mọ́. Àná ni mo gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Stojanka, o wà nílé?"

"Mi ò sí nílé!"

Zumra dáhùn: "Ó dáa. Tó bá dé, ẹ bá mi sọ fún un pé kì í ṣe kọfí ni mo ń wá mu látọjọ́ yìí. Òun ni mo ń wá rí."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà lọ. Inú ń bí mi, ó sì ń ṣe mí bíi kí n sunkún, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Nígbà tó gun orí afárá, mo já jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Zumra! Dúró! Mo ti dé o!"