Ìgbọ̀nwọ́ Àrìnkẹ́

Ẹ̀gbẹ́ ààrò tí wọ́n ti ń yan púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ roboto, ní Àkótógbó ni mo ti sọ fún Àrìnkẹ́ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí. Mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Ó já a gbà.

"Ìgbọ̀nwọ́ ń dùn mí," ó ní.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tó máa já ọwọ́ gbà. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Òkìtìpupa sì fẹ́ gbé mi lọ sí Àkúrẹ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí èsì. Bí Àrìnkẹ́ kò bá fẹ́ mi, n óò lọ.

"Bí o kò bá fẹ́ mi, sọ ọ́. Má fi ìgbọ̀nwọ́ ṣe àwáwí."

Ó gbé kọ́ọ̀pù omi kí n lè rí i. Kọ́ọ̀pù bọ́. Omi dà sí bàtà tí mo rà nítorí ọjọ́ náà.

Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Susan. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ìta ìgbọ̀nwọ́ náà, Àrìnkẹ́ lọgun.

"Ṣé o ṣubú ni? Àbí ó wú?"

"Rárá, mà."

"Ìka tó kéré jù ńkọ́, ṣé ó máa ń kú?"

"Kì í kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún aṣọ, ó ń dùn mí dé ọrùn ọwọ́."

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mo máa ń fi ọ̀bẹ họ èèpo dúdú ara púpurú. Ọ̀ọ́dúnrún fún ọjọ́ ọjà."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. Ó ní iṣan tó so ẹran apá mọ́ eegun ló ti ṣiṣẹ́ jù. Àìsàn náà máa ń ṣe birikilà, ó máa ń ṣe aránṣọ.

"Sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó bá wú, tàbí tí apá kò ṣe é nà mọ́, tètè padà wá."

"Ta ni yóò máa họ púpurú, mà?"

"Èmi ni," mo ní.

Nọ́ọ̀sì wò mí. "Kí lo jẹ́ sí i?"

"Olólùfẹ́ rẹ̀ ni mí."

"N kò tíì dá a lóhùn," Àrìnkẹ́ sọ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fún ọ̀gá wa pé n kò lọ Àkúrẹ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gba ọ̀bẹ. Mo họ mẹ́rìnlá. Màmá Eunice, ìyá Àrìnkẹ́, gbé ọ̀kan, ó yí i wò.

"Tíṣà, ṣé ò ń họ ọ́ ni àbí ò ń jẹ ẹ́? Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹyin adìyẹ."

Àrìnkẹ́ jókòó tì mí, ó gbé apá lé itan.

"Ní kí àwọn ará ilé yín wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. N kò lè fi apá yìí gúnyán fún àna."

Mo mú ìkẹẹ̀ẹ́dógún.