Ejẹ́ǹtì Tí Kò Béèrè Nǹkan Kan

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ti ń ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti gé tiwọn, kò sì sí ọjọ́ kan tó jókòó ka ìwé tí wọ́n fi ń gbé ẹrù rẹ̀ wọlé láti òkè òkun. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kà á. Bàbá a máa wọn itan, a máa po píópì, ẹfun funfun tó fi ń mọ àwòṣe ẹsẹ̀, a máa fá inú àgo rọ́bà tí kùkùté ẹsẹ̀ ń wọ̀ títí yóò fi dán. Ìyàwó a jókòó sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a wọ gíláàsì, a máa ka ìwé èbúté dé ìlà tó kéré jù lọ nísàlẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú, Bàbá kó gíláàsì náà sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í pa. Àwọn tó wá kí i ní kó mọ́kàn le. Ó ní òun ti mú un le. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n lọ.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni Olùkọ́ wọlé lórí ọ̀pá méjì. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ akóyanrìn ló tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì gé e kọjá orúnkún. Ó yọ lẹ́tà kan nínú báàgì, ó fi lé Bàbá lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ló kọ ọ́: bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀ tí Olùkọ́ kò bá lè dá dúró níwájú kíláàsì láìsí ọ̀pá lábẹ́ abíyá, wọn yóò gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àti ṣọ́ọ̀kì sí, kó máa bá wọn ṣọ́ ọ.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, Bàbá," ni Olùkọ́ wí. "Wọ́n ní kí n wá máa ka ṣọ́ọ̀kì."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù?"

"Mẹ́jọ."

"Ó tó. Ẹrù tí mò ń retí ti kúrò lọ́hùn-ún. Orúnkún tó máa bá yín mu wà nínú rẹ̀."

Ó tó lóòótọ́, bí ẹrù bá ti lè gba èbúté kọjá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ejẹ́ǹtì tó máa ń bá ìyàwó Bàbá gba ẹrù jáde ní èbúté ti darúgbó, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé. Bàbá níláti wá ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Gbogbo ejẹ́ǹtì ló ní òǹtẹ̀, gbogbo wọn ló ní fáìlì tó ga, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ ọ̀gá kan ní èbúté.

Nọ́ọ̀sì tó ń kó aláìsàn wá fún Bàbá ló júwe obìnrin kan fún un. Obìnrin yìí ló ń bá àwọn tó ń ta eyín àtọwọ́dá àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn gba ẹrù wọn. Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n ń pè é. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn kan tó ga débi pé kò sí oníbàárà Bàbá kan tó lè gùn ún. Fáànù kan ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín nìkan ló sì kọjú sí.

Bàbá rò pé òun yóò fi ìwé sílẹ̀ kí òun máa lọ. Obìnrin náà fa gègé kan yọ, ó ní kó jókòó.

"Kí ni nǹkan yìí ń ṣe, Bàbá?"

"Ẹsẹ̀ ni."

"Mo rí i. Ṣé inú ara ni wọ́n ń kàn án mọ́, àbí ìta ara ni wọ́n ń so ó sí?"

"Ìta ara ni."

"Ta ló ṣe orúnkún? Ìwé tó sọ pé kò léwu dà? Ẹsẹ̀ nìkan lẹ kó wá, àbí ẹ kó ohun èèlò mọ́ ọn? Èwo ni tòsì, èwo ni tọ̀tún?"

Ìbéèrè ń bọ̀ bí òjò àárọ̀ tí kò ní í dá bọ̀rọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Bàbá ń dáhùn, inú ń bí i. Ó ti ń ṣe ẹsẹ̀ kí obìnrin yìí tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjì ni èèyàn ń ní.

"Ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ ìlera fún yín ńkọ́?"

Bàbá fà á yọ. Obìnrin náà wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó.

"Èyí ti kú láti oṣù kẹrin. Ta ló máa ń bá yín tún un ṣe?"

Bàbá kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, ó tò wọ́n kí etí wọn ṣe déédéé, ó ní òun ń bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Onítáyà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà rí i bó ṣe ń bọ̀, ojú rẹ̀ le. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni Onítáyà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún bí yín nínú?"

"Ejẹ́ǹtì ni mo ń wá. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò bí ẹni tó jalè."

"Ẹ ò wí! Tèmi ńkọ́? Kò-Sí-Wàhálà ni wọ́n ń pè é! Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bá mi gbé táyà wọlé, kò bi mí ní ìbéèrè kan rí. Mo ní táyà ni, ó ní kò burú, táyà ni."

"Èmi ò ta táyà."

"Ẹ gbọ́ ara yín, ẹ̀gbọ́n. Kí lọkọ̀ fi ń rìn? Táyà. Kí lèèyàn fi ń rìn? Ẹsẹ̀. Iṣẹ́ kan náà lèmi pẹ̀lú yín jọ ń ṣe."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí pa Bàbá lẹ́rìn-ín. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbà á gbọ́. Ẹni tí ìbéèrè ti sú kì í yẹ ìdáhùn wò.

Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì Kò-Sí-Wàhálà, láti òkè délẹ̀. Òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ pọ̀ débi pé ìbọ̀wọ́ ni akọ̀wé rẹ̀ wọ̀ tó fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Àwòrán mọ́kànlá ló wà lára ògiri. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Kò-Sí-Wàhálà ń bọ èèyàn pàtàkì kan lọ́wọ́; kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn èèyàn pàtàkì náà tó ń wojú rẹ̀.

"Dádì mi!" Ó dìde, ó tẹ̀ ba dáadáa, nítorí ó mọ àgbà pọ́n lé. "Ṣé kọ̀nténà ńlá ni àbí kékeré?"

"Páálí mẹ́rin péré ni."

"Á! Ẹ̀fẹ̀ lèyí. Èmi tí mò ń gba ẹja dídì, táyà, fáànù, gbogbo ẹ̀! Ẹrù ni gbogbo ẹrù, Dádì mi. Ẹ fọwọ́ síbí. Ẹ tún fọwọ́ síbí."

"O ò ní í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Ṣé n kò ní í rí i ni? Kò sí wàhálà."

Bàbá fọwọ́ sí i. Ara tù ú. Ó rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú píópì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àgo ẹsẹ̀ Olùkọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Kò-Sí-Wàhálà pè é lórí fóònù pé kó bá òun ní èbúté ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló yọjú. Nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí, páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà ní ṣíṣí lórí tábìlì gbọọrọ. Ogún ẹsẹ̀ ló tò sílẹ̀ lórí ìlà méjì, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Aṣọ́bodè kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ dúró tì wọ́n, ó káwọ́ gbera.

"Ẹ̀yin lẹ ni bàtà yìí?"

"Kì í ṣe bàtà," ni Bàbá wí.

"Ìwé yín ló pè é bẹ́ẹ̀. Ogún bàtà. Tòsì mẹ́tàlá, tọ̀tún méje. Èkejì wọn dà?"

Bàbá wo Kò-Sí-Wàhálà. Kò-Sí-Wàhálà ń wo òrùlé.

"Ọgbọ́n yìí ti gbó, Bàbá," ni aṣọ́bodè wí. "Ẹ ó kó tòsì gba ibí, ẹ ó kó tọ̀tún gba ibòmíràn. Bí a bá gbẹ́sẹ̀ lé e, tí a gbé e sí gbàǹjo, ta ló fẹ́ ra bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ wa? Ẹ̀yin náà lẹ ó yíjú padà wá rà á ní ọ̀pọ̀, ẹ ó sì so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin àgbà, kò yẹ yín."

"Kò sí wàhálà, ọ̀gá mi," ni Kò-Sí-Wàhálà bọ́ sí i. "Dádì, ẹ tẹ àwọn tó ṣe é láago, kí wọ́n fi èkejì ránṣẹ́, kó lè pé méjì méjì."

"Èkejì wo?"

"Èkejì ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà yín."

"Ó wà lára wọn," ni Bàbá wí.

Aṣọ́bodè kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan orúnkún irin mẹ́wàá tó wà lápá kan. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ pé irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí ni. Ilẹ̀kùn wo?"

"Ṣé kì í ká ni?" ni Kò-Sí-Wàhálà bi í. "Ṣé kì í nà ni?"

Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá dúró nínú oòrùn. "Kí ló dé tí o kò béèrè lọ́wọ́ mi?"

"Dádì mi, mo rí nọ́mbà lára wọn, mo rí tòsì, mo rí tọ̀tún. Kí ni kí n máa pè é? Àti pé, ẹ má bínú o, ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i."

Ìyẹn ni òtítọ́ kan ṣoṣo tí Kò-Sí-Wàhálà sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì wọ Bàbá lára ju gbogbo irọ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù kí ilé-ìwé wọlé. Bàbá gun àtẹ̀gùn gíga náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá Ìbéèrè gbọ́ ọ tán. Kò sọ pé òun ti mọ̀. Bí ó bá sọ ọ́, ì bá rọrùn fún Bàbá láti bínú.

"Ohun méjì ni," ló wí. "Ìwé àṣẹ yín, lónìí olónìí la ó gbé e lọ, ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìkejì, lẹ́tà sí ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè pé ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ kì í ṣe òótọ́."

"Ejẹ́ǹtì ló kọ ọ́."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

Bàbá yọ ìwé náà, ó gbé e sórí tábìlì.

"Bí ẹ bá di ẹ̀bi ru ejẹ́ǹtì, wọn yóò pè é, yóò sẹ́, ẹ ó máa jọ fà á fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá gbà á, ó parí. Ọwọ́ ara yín ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Ẹ̀ka wọn ò fẹ́ràn èyí tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà tẹ̀."

Ó fún un ní bébà. Ó fọwọ́ yí fáànù sí ọ̀dọ̀ Bàbá. Bàbá gbé bíróò lé bébà, ó pẹ́ kó tó mú un rìn. Ìlà mẹ́ta ló kọ. Ó ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti orúnkún ni ẹrù òun, kì í ṣe bàtà, kì í ṣe irin ilẹ̀kùn. Ó ní ìyàwó òun ló máa ń ka ìwé, ó sì ti kú. Ó ní òun fọwọ́ sí èyí láì kà á.

Ìyá Ìbéèrè kà á. "Aṣọ́bodè ò béèrè ìlà kejì yìí o, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ká yọ ọ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀."

Ìyá Ìbéèrè fi í sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá mọ̀ ọ́n, ìyẹn nìkan ni kò bi í nídìí rẹ̀.

Nígbà tí ìwé àṣẹ jáde, àwọn méjèèjì lọ sí èbúté. Ìyá Ìbéèrè ti ní kí Bàbá mú sípánà rẹ̀ àti irin tó gùn dání. Lójú aṣọ́bodè tẹ́ẹ́rẹ́ náà, Bàbá mú àtẹ́lẹsẹ̀ kan, ó fi irin so ó mọ́ orúnkún, ó gbé e nàró lórí tábìlì. Ó tì í díẹ̀, orúnkún ká. Ó fà á, ó nà. Aṣọ́bodè yọ fìlà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í, ó ká. Ó tún tì í.

"Ó ń rìn," ló wí.

"Tí èèyàn bá wà lókè rẹ̀," ni Bàbá wí.

Aṣọ́bodè ka lẹ́tà, ó dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. Kò bú Bàbá mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń di páálí, ó ṣì ń wá nọ́mbà bàtà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá nítorí pé ohun tí a bá ti kọ́kọ́ gbàgbọ́ kì í fẹ́ kúrò lójú bọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ẹrù dé ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan náà, Kò-Sí-Wàhálà lẹ bébà tuntun mọ́ gíláàsì ọ́fíìsì rẹ̀: A Ń GBA ẸRÙ ÌLERA PẸ̀LÚ. Onítáyà ló ròyìn rẹ̀, ó sì fi kún un pé ọmọ náà mà ń tẹ̀ síwájú o.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kí èèyàn fi kọ́ ẹsẹ̀ tuntun. Ọjọ́ mẹ́rin ni Olùkọ́ ní. Ó di igi méjì tí Bàbá kàn mọ́lẹ̀ mú, ó ń rìn láàárín wọn, ó ń fi eyín dètè. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dìde tán, ó bi í pé kí ló dá ẹrù dúró tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá lè sọ pé èbúté ni. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn.

"Ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè, mo sá fún un," ló wí. "Ẹlòmíràn kò bi mí nǹkan kan, mo fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ láì kà á."

Olùkọ́ wò ó bí ó ṣe máa ń wo àwọn tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì. "Bí ọmọ tí mò ń kọ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀, òdo ni n ó fún un."

"Ẹ fún mi."

"Mo ti fún yín. Ẹ bá mi dè é le sí i."

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọlé lọ́sàn-án, aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn ti mu ún. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Bàbá kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀ ọ̀tún náà.

"Kí ni ọ̀gá yín wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi títí mo fi kọ ìṣirò márùn-ún sójú pátákó."

"Ó rí i?"

"Tòsì ló ń wò, Bàbá."

Bàbá fa àgo náà yọ. Kùkùté ẹsẹ̀ ti bó níbi méjì. Ó dìde lọ wá omi.