Ewú Lórí Òkúta Dúdú

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ ló ń ya àwòrán sára òkúta, irọ́ ló pa. Èmi ni mò ń yà á. Ẹ̀rọ lésà, tó ń fi ìtànṣán gbígbóná jó ojú nǹkan, kò mọ ojú yàtọ̀ sí imú. Ibi tí mo bá kùn ní dúdú lórí kọ̀mpútà ló máa jó. Lára pákó, ibi tó bá jó á dúdú. Lára òkúta dúdú, ibi tó bá jó á funfun. Nítorí náà, àwòrán tó bá ń lọ sára òkúta, mo ní láti yí i padà ná, kí dúdú di funfun, kí funfun di dúdú. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe é, mi ò ṣì í rí. Mo sì máa ń fi fọ́nnu dáadáa.

Lọ́jọ́ náà, fáìlì méjì ni mo ṣe fún ìyá kan tó jẹ́ aránṣọ: ti pákó kékeré tí yóò gbé kọ́ sí yàrá, àti ti òkúta tí wọ́n fẹ́ gbé sórí sàréè ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí bọ̀dá mi, tó ni ṣọ́ọ̀bù, ń tù ú nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀gá, agbè tó ti pé ọgọ́ta ọdún? Ẹ ṣáà jẹ́ kí òkúta yìí jọ ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ò ju ìyẹn lọ."

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ní yàrá iwájú, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ títí a ó fi parí.

Òkúta kan ṣoṣo ló kù tó bá ìwọ̀n náà mu. Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, mo fi fáìlì ránṣẹ́, mo yíjú sí iṣẹ́ mìíràn. Láti òkè ni ẹ̀rọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbálẹ̀. Nígbà tí mo fi máa wò ó padà, ó ti parí irun, ó kan iwájú orí. Irun náà funfun báláú.

 Mo na ọwọ́ pa ẹ̀rọ. Fáìlì pákó ni mo fi ránṣẹ́.

"Bọ̀dá!" Mo rọra pè é, kí ohùn mi má baà dé iwájú.

Ó wọlé, ó wo òkúta, ó wò mí. "Ìwọ tó o ní o kì í ṣì í."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Kí la máa ṣe?"

Ó ní kí n fi fáìlì òkúta parí ojú. Ó ṣe é ṣe. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì ń wò ó títí ẹ̀rọ fi sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Ojú náà pé: ẹyinjú tó ń rẹ́rìn-ín, imú, ètè. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin lábẹ́ irun arúgbó.

Bọ̀dá mi ti mú ìgò íǹkì dúdú dání.

"Fi kun irun yẹn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Òjò ńkọ́?"

"Kí òjò tó fọ̀ ọ́ tán, á ti tó ọdún kan."

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiyín ò tiẹ̀ ní lo ogún oṣù. Ṣé kó wá dá dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó máa wo ewú tó ń yọ lórí ọmọ ẹ̀?"

"Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀!"

"Mi ò ní rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀!"

Bẹ́ńṣì iwájú dún.  Ìyá aránṣọ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpò rẹ̀ mú.

"Ṣé ẹ ti parí ẹ ni?"

Bọ̀dá mi bọ́ síwájú òkúta, ó ń ṣẹ́jú sí mi. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀bi mi ni, Ìyá. Àwòrán ti pákó ni mo tẹ̀ sára òkúta, ó sì ti sọ irun ẹ̀ di funfun. Kò sí òkúta mìíràn tá a lè rí kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí."

 Ó sún mọ́ òkúta, ó wò ó títí. Mo ń retí èébú, mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ, torí ó tọ́ sí mi. Ó fi ìka kan tọ irun náà láti etí dé etí, eruku funfun sì mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ó hu ewú," ló sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá..."

"Bàbá ẹ̀ gan-an rèé." Ó yíjú sí mi. "Lọ́jọ́ tí mo bí i, gbogbo ẹni tó gbé e ló ń sọ pé á hu ewú, á hu ewú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń ṣe àmín."

Bọ̀dá mi rọra na ìgò íǹkì síwájú, ó ní a lè pa irun náà rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá aránṣọ gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú àpò, ó sì fa síìpù. Mo bú sẹ́kún, èmi tí kì í sunkún níwájú oníbàárà.

Ìsàlẹ̀ òkúta ṣì ṣófo. Orúkọ ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó kú. Mo ti tò wọ́n sórí kọ̀mpútà láti àárọ̀. Mo bi í bóyá kí n máa tẹ̀ wọ́n lọ. Ó ní kí n pa ọdún méjèèjì rẹ́, kí n kọ orúkọ nìkan, kí ẹni tó bá rí i máa pè é ní àgbà.