Ààrò Búrẹ́dì Tí Mo Pọ̀n Lọ Forúkọ Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé, ẹ jókòó ná. Ká tó jáde, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá fún yín.

A ti dé ọ́fíìsì tí a fẹ́ lọ lónìí, láti forúkọ òwò búrẹ́dì wa sílẹ̀. Mo pọ̀n ààrò wa sẹ́yìn, tòun ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀. Ọ̀já màmá wa olóògbé ni mo fi dè é mọ́ra, ẹ̀yin sì di etí ọ̀já náà mú. Ó gbóná, ṣùgbọ́n kò jó mi. Ó ń sùn ni, ó ń mí, itọ́ rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn. Ìyẹ̀fun ni itọ́ ọ̀hún.

Akọ̀wé ní, "Ta ló ni ín? Ṣé tẹnì kan ṣoṣo ni, àbí ti ẹ̀yin méjèèjì? Àbí kí n kọ ọ́ ní kọ́ńpìnnì, kó máa dá dúró, tí ẹ bá kú, kó má bá yín kú?"

Bó ti gbójú sókè, màmá wa ni. Ẹ kúnlẹ̀. Èmi ò lè kúnlẹ̀ nítorí ohun tí mo pọ̀n.

Ẹnu mi ló yára: "Tèmi nìkan ni, mà."

Ẹ ò bínú. Ẹ kàn rọra fi etí ọ̀já sílẹ̀. Ààrò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń ké bí ọmọ tuntun. Mo nawọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ mi ò tó o. Mo bá fi orúkọ pè yín lásán, èmi tí n kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ẹ ń kan ilẹ̀kùn.