Àgbo Akin Ilé Abógunrìn

Dókítà Clara kò tíì sọ̀rọ̀ débi kan tí Ishaq fi kan tábìlì rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́, tí ìwé àti bírò fò kalẹ̀.

"Ẹ tún un sọ! Ẹ tún un sọ kí n gbọ́, pé ilé wa ni àìsàn ọmọ yìí ti wá!"

"N kò dárúkọ ilé yín, sà. Inú ìyá rẹ̀ ni mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀." Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa bírò rẹ̀. "Wẹ́dà ni yín, àbí? Oyún kì í tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ọkàn ọmọ fi ń di ọkàn, tí ọpọlọ àti kíndìnrín náà ń di tiwọn. Ìyá lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún. Bí ọtí bá ń wọlé lásìkò yẹn, ó dà bí ìgbà tí ẹ ń jó irin pọ̀, tí ẹnì kan ń ti ọwọ́ yín. Irin á lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í gún."

Ọlámilékan, ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà, jókòó lórí itan ìyá rẹ̀. Kò fọhùn rí. Orí rẹ̀ kéré, ọkàn rẹ̀ lu ihò, kíndìnrín kan péré ló bá wáyé. Bó bá sunkún pẹ́, ètè rẹ̀ á dúdú bí ẹni tó lá tàdáwà.

"Ọtí kẹ̀?" Ishaq rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló máa gbé ọtí wọ ilé wa?"

Karimat, ìyàwó rẹ̀, tí oyún oṣù méjì tún wà nínú rẹ̀, wo ilẹ̀. "Àgbo akin," ló wí.

"Kí ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́?"

"Ògógóró ni, mà. Láràárọ̀."

Ishaq fọ́ ọ létí. Ìró rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tò síta, máígádì méjì ló sì gbé ọkùnrin náà jáde, tó ń ta ẹsẹ̀ lófuurufú.

Kí á má tíì bínú sí i jù. Ọmọ Ilé Abógunrìn ní Bẹyẹrúnkà ni, ilé náà sì ní orúkọ tí wọ́n ń gbé kiri. Baba ńlá wọn jagun dé Kírìjì, ó fi ojú kan sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀ títí ó fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ òde òní kò ní ogun mọ́, àfi ti ibi tí wọ́n ń gbé ọ̀kadà sí, àti ti ẹni tó kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jà á bí ẹni pé Ìbàdàn á fọ́ bí wọn kò bá borí. Ishaq ti fọ́ àgbọ̀n ènìyàn méjì. Bó bá ń jẹun, ó máa ń wo ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo dígí.

Àgbo akin ló sọ wọ́n di akin. Ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kì í jiyàn èyí. Bí ìyàwó ilé bá ti lóyún, ife kan láràárọ̀, kí ọmọ lè di ẹ̀ṣẹ́ wáyé. Àlàájà Èjìdé, ìyá Ishaq, ló ń tọ́jú ìkòkò rẹ̀. Obìnrin tó ń fi ìbòrí dí imú níwájú ilé ọlọ́tí ni. Ògógóró tirẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nínú ọ̀rá dúdú, bó bá sì ti kan egbò igi, ó di oògùn. Ọtí ni Ọlọ́run kọ̀. Ọlọ́run kò kọ oògùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájà gbé ìkòkò àti ife wọ yàrá.

"Bísímílà, ìyàwó. La ẹnu."

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà ní—"

"Dókítà wo? Èyí tó ń jẹ́ Kílárà? Ìyá tiẹ̀ ò mu àgbo akin, ìdí nìyẹn tó fi ń fi bírò jagun. Ishaq, bá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Ọ̀rọ̀ irin tí kò gún ṣì ń yí nínú Ishaq. Ó mọ irin tí wọ́n ti ọwọ́ ẹni tó ń jó o. Ó ti sọ irú rẹ̀ nù rí. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Bí apá ọmọ Abógunrìn kò bá ká obìnrin kan, kí ló tún kù? Ó fa apá Karimat méjèèjì sẹ́yìn.

Àlàájà fún un nímú. Ife kọlu eyín, ètè ya, ẹ̀jẹ̀ dà mọ́ àgbo. Karimat la ẹnu lóòótọ́: ó fi gé ìka ìyá ọkọ rẹ̀ jẹ dé eegun.

"Ó jẹ mí o! Ẹ gbà mí, ó ń jẹ mí láàyè!"

Karimat fi orí kan imú Ishaq, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì fa ọmọ odó yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló fi lu ìkòkò fọ́. Àgbo ya wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òórùn ògógóró gba gbogbo agboolé.

"Háà!" Ìyàwó ilé kan tí kò tíì lóyún rí di imú. "Ṣé bó ṣe ń rùn nìyí? Àlàájà, ẹ̀yin náà ló ń ta á fáwọn onímọ́tò ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa Ishaq. Ó ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, èyí tó ti fọ́ àgbọ̀n méjì, sí ìyàwó rẹ̀. Ọlámilékan ti sáré wọ àárín wọn láti di ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mú, èjìká rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ bà. Ọmọ náà ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n lu ògiri. Ó la ẹnu láti ké, ohùn kò jáde. Ètè rẹ̀ dúdú, èékánná rẹ̀ náà dúdú.

Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ Karimat. "Ẹ ká eékún rẹ̀ mọ́ àyà! Báyìí ni dókítà ní ká máa ṣe é! Ẹ ká a!"

Ishaq ká a, ó gbé e, wọ́n fò sẹ́yìn ọ̀kadà tó ń kọjá. Ní Bẹẹrẹ, tákísí máíkírà kan dí ọ̀nà. Ishaq ta ilẹ̀kùn rẹ̀ nípàá, awakọ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú sípánà, ó sì là á mọ́ ọn lórí.

"Orí baba rẹ! Sọ̀ kalẹ̀ bí a bá bí ọ dáadáa!"

Ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn, àrùn náà kò sì tíì wọ́n lọ́dọ̀ Ishaq rí. Ṣùgbọ́n ó di eékún ọmọ mọ́ àyà, ẹ̀jẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lójú, ó sì ní: "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká kọjá."

Dókítà Clara kò bá wọn sọ nǹkan kan títí ó fi gbé ẹ̀rọ èémí sí ọmọ náà nímú, tó gún un lábẹ́rẹ́, tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú.

"Ta ló lù ú?"

Karimat wo Ishaq. Etí tí ọkùnrin náà fọ́ ní àná ṣì wú.

"Èmi ni," Ishaq wí. "Ìyá rẹ̀ la fẹ́ rọ àgbo fún. Èmi ni mo dì í mú."

"Nígbà tí ó lóyún ọmọ yìí ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yíjú.

"Mo dì í mú nígbà yẹn náà."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. "Mi ò lè búra pé àgbo náà nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n oṣù méjì péré ni ti inú yìí. Bí ọtí kankan ò bá tún wọlé láti òní lọ, ó ṣì sàn fún un."

Wọ́n gbé ọmọ náà sí yàrá kékeré. Karimat pe Abdulmumin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, pé kó wá mú òun lọ sílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Kò rẹ ohùn sílẹ̀ fún Ishaq.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun Àsárì nígbà tí Àlàájà dé, aṣọ funfun lórí ìka, fúláàsìkì lábẹ́ ìbòrí.

"Omi ẹran ni mo gbé wá fún ìyàwó mi."

Òórùn ògógóró ti ṣáájú omi ẹran náà wọlé. Ishaq bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di férémù rẹ̀ mú.

"Ẹ máa gbé e lọ, Àlàájà."

Ìgbátí àkọ́kọ́ dún. Àlàájà bọ́ bàtà, ó fi lù ú lójú ibi tí sípánà ti là á, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ ya dé ìdodo.

"Èmi lò ń tì síta? Èmi tí mo mu àgbo yìí fún oṣù mẹ́sàn-án kí n tó bí ọ?"

Ishaq rántí kíláàsì kẹta tó kà lẹ́ẹ̀mẹta tí kò wọ̀ ọ́ lórí, àti ìbínú tí kì í dúró gbọ́ ohun tí wọ́n bá a sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájà," ló wí. "Ẹ wò mí."

Bàtà náà tún sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ Ishaq kò kúrò lára férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀, Karimat ti ilẹ̀kùn pa láti inú, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ishaq gbọ́, ó mọ̀ pé òun náà ni wọ́n tì síta. Kò kúrò níbẹ̀.